Iná tó ń ṣẹ́jú lórí aláàmù èéfín: ohun tó ń sọ, àti ohun tí ẹ máa ṣe sí i

Iṣẹ́ àtúnṣe ilé ni mò ń ṣe níhìn-ín ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ Yorùbá ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pè mí. Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ẹnìkan má bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, iná pupa kan ń ṣẹ́jú ní òkè àjà wa, ṣé kò sí nǹkan?" Àwọn mìíràn kì í béèrè rárá. Ọjọ́ tí mo bá lọ tún páìpù ṣe nílé wọn ni mo máa ń rí i pé ìdí aláàmù nìkan ló kù lórí àjà. Aláàmù fúnra rẹ̀ ti wà nínú dúrọ́ọ̀, bátìrì rẹ̀ sì ti wà nínú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Àyà mi máa ń já, torí inú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ kéékèèké ń sùn.

Nígbà tí ìyàwó mi bímọ, ìyá mi wá láti Ìbàdàn láti bá wa tọ́mọ. Òru àkọ́kọ́, wọn ò sùn. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Ta ní ń wò mí láti òkè yẹn?" Wọ́n ti ń ṣọ́ iná náà láti òru. Wọ́n ní bó bá ti ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, àwọn a ka Orin Dáfídì kẹtàlélógún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó tún ṣẹ́jú. Mo mú fóònù, mo kà á: ìṣẹ́jú àáyá 42.

Kámẹ́rà kọ́ ni, kò sí ẹni tó ń wo ìyá mi. Aláàmù ń yẹ ara rẹ̀ wò ni, ó sì ń fi iná náà sọ pé òun ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kíkà tí wọ́n kà yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà máa ṣe. Àwọ̀ iná nìkan kò tó. Ẹ ní láti mọ bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó tún ṣẹ́jú, kí ẹ sì gbọ́ bóyá ohùn ń bá a rìn.

Ìkìlọ̀ tó ṣáájú gbogbo rẹ̀: bí aláàmù bá ń pariwo láìdákẹ́, tàbí tí ẹ bá rí èéfín, kì í ṣe àsìkò kíkà nìyẹn. Ẹ kó ara ilé jáde, ẹ ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn yín, ìta ni kí ẹ ti pe àwọn panápaná: 999 ní Bírítéènì, 911 ní Amẹ́ríkà, 112 ní Nàìjíríà (ní Èkó, 767 náà ń lọ). Ẹ má padà wọlé torí báàgì tàbí páálí ìwé.

## Ẹ kọ́kọ́ wò ó, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án

1. Ẹ dúró sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú fóònù, kí ẹ ṣí ibi tó ti ń ka ìṣẹ́jú àáyá.
2. Ẹ wo àwọ̀ iná. Àwọn kan ní ẹyọ kan, àwọn mìíràn ní méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà mìíràn, abẹ́ bọ́tìnnì gan-an ni iná náà wà, kò sì hàn dáadáa lọ́sàn-án. Ẹ pa iná yàrá kí ẹ lè rí i.
3. Ẹ ka àlàfo náà lẹ́ẹ̀mẹta, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan.
4. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Ṣé ó ń ké "pí" bí iná ṣe ń ṣẹ́jú, àbí ohùn dá wà, iná dá wà?
5. Ẹ ya fọ́tò orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé ìlò rẹ̀ máa jáde. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ló bá ọ̀pọ̀ aláàmù mu, ṣùgbọ́n bí ìwé ìlò tiyín bá sọ ohun mìíràn, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé.

## Iná pupa

Òun ló ń dẹ́rù bani jù, bẹ́ẹ̀ ìròyìn ayọ̀ ló máa ń mú wá lọ́pọ̀ ìgbà.

Ó ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60, kò sì ké. Àlàáfíà ni. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ó ń ṣẹ́jú, ó sì ń ké "pí" kan ṣoṣo pẹ̀lú rẹ̀, á dákẹ́, lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan á tún ké. Bátìrì ti fẹ́ tán. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lónìí. Bí mo ṣe ń ṣe é wà nísàlẹ̀.

Ó ń ké "pí", ṣùgbọ́n iná kò ṣẹ́jú lásìkò kan náà. Lára ọ̀pọ̀ aláàmù tí mò ń bá pàdé, bátìrì kọ́ nìyẹn. Inú ibi tó fi ń gbóòórùn èéfín ló ti dọ̀tí tàbí tó ti bàjẹ́. Ibí yìí ni owó àwọn èèyàn ti máa ń ṣòfò: wọ́n á ra bátìrì kan, wọ́n á ra òmíràn, aláàmù kò ní dákẹ́, níkẹyìn wọ́n á já a sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ń ṣẹ́jú wéréwéré, ariwo ńlá sì ń jáde. Èéfín ló rí. Ìkìlọ̀ òkè yẹn ni kí ẹ tẹ̀lé.

Ó ń ṣẹ́jú ní ìṣẹ́jú àáyá 8 sí 10, kò sì ké. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti tẹ bọ́tìnnì tó ń mú un dákẹ́ fúngbà díẹ̀, bóyá nígbà tí wọ́n ń dáná. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á padà sípò fúnra rẹ̀.

Àwọn aláàmù kan tún ní ìrántí. Bí wọ́n bá pariwo nígbà tí ẹ kò sí nílé, iná wọn á máa ṣẹ́jú lọ́nà tó yàtọ̀ títí ẹ ó fi tẹ bọ́tìnnì ìdánwò. Bí ẹ bá dé láti ibi iṣẹ́ tí ẹ rí i pé iná ti yí ìṣe padà, ẹ bi àwọn tó wà nílé kí ni wọ́n ṣe.

## Iná àwọ̀ ewé

Aláàmù tí a so mọ́ wáyà iná mànàmáná ló sábà máa ń ní i. Bó bá tàn láìṣẹ́jú, iná ń wọlé dáadáa. Bó bá kú, iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, bátìrì inú rẹ̀ nìkan ló sì gbé e ró.

Ẹ yẹ nǹkan mẹ́ta wò ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé:

1. Ṣé iná wà nínú ilé? Ẹni tó ń lo mítà tí a ń sanwó sí ṣáájú, ẹ wò ó bóyá owó ti tán lórí rẹ̀.
2. Ṣé búrékà tó ń gbé iná lọ síbẹ̀ ti já? Ẹ gbé e padà sókè lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún já, ẹ fi í sílẹ̀.
3. Bí iná bá wà tí búrékà sì dúró, wáyà tàbí aláàmù ló ní ìṣòro. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tó ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ má fi tẹ́sítà tú u fúnra yín.

Bí iná àwọ̀ ewé bá ń ṣẹ́jú, ìtumọ̀ rẹ̀ kì í dọ́gba láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ìwé ìlò ló máa sọ fún yín.

## Àwọ̀ ìyeyè tàbí àwọ̀ ọsàn

Àléébù ni, tàbí kí ọjọ́ orí rẹ̀ ti pé. Lára àwọn tuntun, iye ìgbà tó ń ṣẹ́jú léraléra ní ìtumọ̀ tirẹ̀: lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ bátìrì, lẹ́ẹ̀mejì lè jẹ́ àléébù inú, lẹ́ẹ̀mẹta lè jẹ́ pé ó ti dàgbà jù. Torí náà, ẹ kà á kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sọ fún mi lórí fóònù pé "ó ń ṣẹ́jú ìyeyè lẹ́ẹ̀mẹta, á sinmi, á tún ṣe é" ti gbà mí lọ́wọ́ ìrìn àjò kan. Mo máa ra tuntun dání wá ni.

## Kò sí iná kankan

Èyí gan-an ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìdánwò kí ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́wàá. Bó bá pariwo, ó wà láàyè: àwọn kan wà tí iná wọn kì í hàn dáadáa. Bí kò bá dún, ike lásán ló wà lórí àjà yín.

## "Pí" aago mẹ́ta òru: bí a ṣe ń pààrọ̀ bátìrì

Ẹ̀yin náà ti ṣàkíyèsí pé òru ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀rọ amúlégbóná bá ti kú lóru tí ilé sì tutù, agbára bátìrì tó ti rẹ̀ á wálẹ̀ díẹ̀ sí i, aláàmù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Tí oòrùn bá yọ, ilé á móoru, á dákẹ́. Ẹ̀yin á rò pé ó ti tán. Kò tíì tán.

1. Ẹ wá èyí tó ń ké gan-an. Ohùn yẹn máa ń tan etí jẹ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ dúró sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan títí á fi ké. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti tú gbogbo aláàmù èéfín sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ aláàmù carbon monoxide (gáàsì olóró tí kò ní òórùn) tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ló ń ké.
2. Ẹ ra bátìrì tó yẹ. Onígun mẹ́rin ti fólìtì 9 ni àwọn kan ń lò, AA ni ti àwọn mìíràn. A kọ ọ́ sínú ilé bátìrì. Ẹ má lo èyí tí a ń cháàjì, àyàfi tí ìwé ìlò bá gbà á, ẹ má sì lo èyí tí ẹ yọ láti ara bèbí ọmọ.
3. Bó bá jẹ́ ti wáyà, ẹ pa búrékà rẹ̀ kí ẹ tó gòkè.
4. Àkàbà ni kí ẹ gùn, kí ẹnìkan dì í mú. Àga onítáyà àti orí bẹ́ẹ̀dì kọ́.
5. Ẹ yí aláàmù bí ẹni ń ṣí ìdérí ìgò, á jáde kúrò nídìí rẹ̀. Àwọn ti wáyà kan ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, kì í yí.
6. Ẹ yọ bátìrì àtijọ́, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì ìdánwò mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20. Àwọn èèyàn máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí. Iná díẹ̀ máa ń kù sínú rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó ṣì máa ké lẹ́yìn tí bátìrì tuntun ti wọlé.
7. Ẹ fi tuntun sí i, kí + kọjú sí +, kí − kọjú sí −.
8. Ẹ dá a padà, ẹ gbé búrékà, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìdánwò títí á fi pariwo. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ohùn náà lójú ọ̀sán, kí wọ́n mọ̀ ọ́n.
9. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì. Iná pupa gbọ́dọ̀ ṣẹ́jú, kó má sì ké.

Bó bá ṣì ń ké, ẹ fi ẹ̀rọ tí ń fa eruku, tó ní búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ lẹ́nu, fa gbogbo ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Eruku, okùn aláǹtakùn àti kòkòrò wẹ́wẹ́ máa ń wọ ibẹ̀. Ẹ má fọ́n omi tàbí oògùn kòkòrò sínú rẹ̀, ẹ má sì tú u palẹ̀: àwọn oríṣi kan ní èérún americium-241 tó ń tú ìtànṣán jáde nínú. Kò ní í ṣe yín ní nǹkankan bó bá wà nínú ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣúkúdíráfà fọ́.

Àwọn kan wà tí bátìrì wọn kò ṣeé yọ, tí a ṣe láti lo ọdún mẹ́wàá. Bí irú èyí bá bẹ̀rẹ̀ "pí", odidi rẹ̀ ni a ń pààrọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ibì kan wà níbẹ̀ tí ẹ ó ti pa á kí ẹ tó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀rọ àtijọ́.

## Ọjọ́ orí tó wà lẹ́yìn rẹ̀

Mo sọ ọ̀kan kalẹ̀ nínú ilé kan ní Peckham tí ọdún tí wọ́n ṣe é, tó wà lẹ́yìn rẹ̀, jẹ́ 2004. Ike rẹ̀ ti pọ́n bí eyín àgbà tó ń jẹ obì. Iná pupa rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú, bọ́tìnnì ìdánwò ṣì ń dún, ìdí nìyẹn tí onílé fi ń bá mi jiyàn. Mo fọ́n èéfín ìdánwò sí i, èyí tí a ń rà nínú agolo. Kò dún. Mo tún fọ́n ọn. Kò dún.

Bọ́tìnnì ń dán bátìrì àti ohùn wò, kò fi dandan sọ pé imú aláàmù ṣì ń gbóòórùn. Ọdún mẹ́wàá láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ ń ṣẹ́jú bí ìràwọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni kí ẹ kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á.

## Tí ẹ bá ń dín àkàrà

Aláàmù èéfín kò mọ ìyàtọ̀ láàárín èéfín epo gbígbóná àti ti àga tó ń jó. Bó bá pariwo nígbà tí ẹ ń dáná, tó sì dá yín lójú pé kò sí iná:

1. Ẹ pa sítóòfù, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná.
2. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń mú un dákẹ́. Á sinmi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
3. Ẹ má yọ bátìrì.

Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ibi tó wà ni kò dára. Ìlànà Amẹ́ríkà ní kó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí sítóòfù. Inú ilé ìdáná fúnra rẹ̀, aláàmù ooru ló yẹ ibẹ̀, èyí tí kì í wo èéfín rárá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó bá sún mọ́ ilé ìdáná, ẹ ra oríṣi tó ń fi ìmọ́lẹ̀ rí èéfín. Kò ní máa dà yín láàmú nítorí búrẹ́dì tó jóná bíi ti oníamericium.

## Bí gbogbo ilé bá dún pọ̀

Àwọn tí a so pọ̀ máa ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó rí èéfín gan-an ni iná pupa rẹ̀ máa ń ṣẹ́jú wéréwéré. Ti àwọn yòókù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti dá yín lójú pé kò sí iná, ẹ rìn láti yàrá dé yàrá kí ẹ wá a, òun ni kí ẹ nù tàbí kí ẹ pààrọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹ tún ka ohùn: mẹ́ta-mẹ́ta ni ti èéfín, mẹ́rin-mẹ́rin ni ti carbon monoxide.

## Àṣìṣe tí mo máa ń bá nínú ilé

- Nílọ́nù tí a fi dì í nígbà tí a ń kun ilé, tí a kò yọ. Mo ti rí èyí tó lé ní ọdún kan.
- Ọ̀dà tí a fi kun aláàmù pọ̀ mọ́ àjà. Ihò rẹ̀ ti dí.
- Aláàmù tí a kọ́ sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Oru omi gbígbóná ń tàn án.
- Aláàmù tí a lẹ̀ mọ́ igun ògiri. Ní Bírítéènì, ó kéré tán, kó fi sẹ̀ǹtímítà 30 jìnnà sí ògiri àti sí gílóòbù.
- Ẹyọ kan ṣoṣo nínú ilé alájà méjì.

## Ẹ̀yin ayálégbé

Ní ilẹ̀ England, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, bí ẹ bá ti fi tó onílé létí pé aláàmù kò ṣiṣẹ́, dandan ni kó tún un ṣe tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Aláàmù èéfín gbọ́dọ̀ wà ní àjà ilé kọ̀ọ̀kan. Onílé tó bá kọ̀, káńsù lè bu owó ìtanràn lé e títí dé £5,000. Ìjọba ní kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú bátìrì tuntun. Bí kò bá gbọ́, ẹ kọ̀wé sí onílé. Àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí ímeèlì ló dára, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ so fọ́tò mọ́ ọn, ẹ kọ àwọ̀ iná, iye ìṣẹ́jú àáyá àti ọjọ́ tó wà lẹ́yìn aláàmù.

Ní Scotland, láti oṣù Kejì ọdún 2022, òfin ní kí aláàmù èéfín ti pálọ̀, ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kọ̀ọ̀kan àti aláàmù ooru ilé ìdáná so pọ̀ mọ́ ara wọn.

Ẹni tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tí òbí àgbà ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, kó pe àwọn panápaná àdúgbò rẹ̀ lórí nọ́ńbà tí kì í ṣe ti pàjáwìrì. London Fire Brigade ń bẹ ilé wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Amẹ́ríkà, American Red Cross ń kọ́ aláàmù lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí etí òbí kò bá gbọ́ ohùn mọ́, aláàmù wà tó ń kọ mànà bíi kámẹ́rà, tó sì ní pádì tó ń gbọ̀n lábẹ́ ìrọ̀rí.

## Bí ẹ bá fẹ́ rà á ránṣẹ́ sílé

Ìyá mi mú méjì padà sí Ìbàdàn. Mo ra oníbátìrì ọdún mẹ́wàá fún wọn, mi ò ra ti wáyà, torí níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, bátìrì ìrànlọ́wọ́ inú ti wáyà kò ní sinmi. Ọ̀kan wà lọ́nà yàrá ibùsùn, ọ̀kan wà ní pálọ̀ níbi tí ínfátà àti bátìrì rẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ yàtọ̀, torí carbon monoxide wà nínú èéfín rẹ̀. Aláàmù èéfín kì í rí carbon monoxide, gáàsì náà kò sì ní òórùn. Iná pupa lè máa ṣẹ́jú jẹ́jẹ́ lókè nígbà tí gáàsì ń kún yàrá. Ẹ ra aláàmù tirẹ̀ lọ́tọ̀, tàbí èyí tó so méjèèjì pọ̀, tí wọ́n kọ ọ́ sí i lára kedere. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kó má wọ bàràǹdà tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rárá. Bí aláàmù gáàsì bá ké, ẹ kó gbogbo ènìyàn síta kí ẹ tó ro ohun tó fà á. Ẹ ka orí wọn, ẹ má gbàgbé ọmọ tó ń sùn. Ẹni tí orí ń fọ́ tàbí tí òòyì ń kọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.